ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: Nígbà Tí Oníṣẹ́ Ọnà Sọ Pé "Ó Tó"

  Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò tíì sùn láti àná.

Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 31:1-17, 36:2-7

Bí ẹ bá gba ìgboro Ìkẹ́rẹ́ kọjá lálẹ́ Fráìdé, ẹ ó gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àwa aránṣọ. Aṣọ ẹbí ni. Oníbàárà ti san àsansílẹ̀, ọ̀la ló fẹ́ wọ̀ ọ́, a ò sì tíì gé e. Ní oṣù Kejìlá kan, mo gba iṣẹ́ ìdílé mẹ́ta fún Sátidé kan ṣoṣo. Owó ni mo rí, n kò wo ọwọ́ mi. Nígbà tó di bí aago mẹ́ta òru, oorun gbé mi lórí ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ gún mi níka, ẹ̀jẹ̀ ta sí léèsì olóléèsì. Èmi ni mo san owó rẹ̀. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo sùn láti orin àkọ́kọ́ títí dé ìkéde. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ń sùn.)

Ní apá Èkìtì tiwa níbí, a ní oníṣẹ́ ọnà kan tí ayé mọ̀ ju bí àwa fúnra wa ṣe mọ̀ ọ́n lọ: Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i, Ìsẹ̀ ló gbé, ó sì kú ní 1938. Láàárín 1910 sí 1914 ló gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó sí ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ó gbẹ́ Ògògà sára ilẹ̀kùn náà lórí ìtẹ́ rẹ̀, àti òyìnbó tí wọ́n gbé wá kí i. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, British Museum sì fẹ́ rà á. Ògògà kò gba owó. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà dípò rẹ̀.

Ọdún mẹ́rin yẹn ló yà mí lẹ́nu. Ọba ló gbé iṣẹ́ fún un, síbẹ̀ iṣẹ́ gba àsìkò tó yẹ kó gbà. Ẹnìkan á ní, "Ọba ló wà lẹ́yìn tiẹ̀, ta ni yóò san owó iná tèmi?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, n kò ní fi àdúrà bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ padà sí Ẹ́kísódù. Ní orí 31, Ọlọ́run pe Besaleli lórúkọ, ó fi Ẹ̀mí kún un fún iṣẹ́ wúrà, òkúta àti igi. Kí Mósè tó sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, nínú orí kan náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ọjọ́ ìsinmi. Àgọ́ Ọlọ́run ni wọ́n fẹ́ ṣe o! Bí iṣẹ́ kan bá wà tó yẹ ká fi òru àti ọ̀sán ṣe, òun ni. Onílé gan-an ló ní kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Orí 36 ló mú mi jù. Àràárọ̀ ni àwọn ènìyàn ń kó ohun èlò wá. Àwọn oníṣẹ́ ọnà fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n lọ sọ fún Mósè pé ó ti pọ̀jù, Mósè sì kéde pé kí ẹnikẹ́ni má mú nǹkan wá mọ́. Kì í ṣe Mósè ló kọ́kọ́ rí i. Àwọn tí ọwọ́ wọn wà lẹ́nu iṣẹ́ ni. Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí fún oníbàárà kankan. Ẹ̀rù ń bà mí pé á gbé aṣọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ léèsì yẹn, mo kọ iye aṣọ tí ọwọ́ mi lè rán lọ́sẹ̀ kan sára ògiri. Bó bá ti kún, ó kún. Àwọn kan bínú lọ lóòótọ́, owó sì dín kù fún oṣù méjì, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ìyá ìjọ kan ní, "Ọmọ mi, bó o bá ti sọ òótọ́ fún mi, mà á dúró."

Iṣẹ́ òní: iṣẹ́ wo ló wà níwájú rẹ tí o mọ̀ pé kò lè parí lọ́jọ́ tí o dá? Pe onítọ̀hún kí ọ̀sán tó pọ́n, sọ ọjọ́ tó lè rí i gbà gan-an.

Àdúrà: Olúwa, Ìwọ tó fún Besaleli lọ́wọ́, fún mi lẹ́nu tí mo lè fi sọ pé ó tó. Jẹ́ kí n sùn lálẹ́ òní. Àmín.