Iná Kò Sí Lọ́wọ́ Ọmọ Náà

Àbúrò mi, ẹnjiníà fóònù ní Kabba,

Mo ka lẹ́tà rẹ dé ìsàlẹ̀, mo sì tún padà sórí ìlà kan tí o kọ bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan: “Mo ti dá ọmọ iṣẹ́ náà padà fún ìyá rẹ̀ ní Bùnú, nítorí wọ́n ní iná ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.” Lẹ́yìn èyí ni o wá bi mí léèrè ohun tí o lè ṣe tí tábìlì onírin rẹ kò fi ní máa ta ọ́ lọ́wọ́, tí bọ́ọ̀dù fóònù oníbàárà kò sì ní máa kú sí ọ lọ́wọ́ nínú ọyẹ́ yìí. N ó dáhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá yìí ni a ó kọ́kọ́ sọ.

Ìwọ fúnra rẹ ni o kọ ọ́ pé oṣù Karùn-ún ni ó wọlé sí ọ lọ́wọ́. Òjò rọ̀ títí di oṣù Kẹwàá, ọmọ yìí ń tú fóònù, ó ń dè é, iná kò ti ọwọ́ rẹ̀ gbé ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí oṣù Kejìlá dé, tí ètè ń là, tí gìgísẹ̀ ń sán, ni wọ́n tó rí iná lọ́wọ́ rẹ̀. Bí iná náà bá jẹ́ tirẹ̀, kí ló dé tí kò jáde nígbà òjò?

Tún lẹ́tà rẹ kà. O ní o tẹ́ ráàgì sí gbogbo yàrá tí o ti ń ṣiṣẹ́ nínú ilé, kí skúrù kékeré tó bá já bọ́ má baà sọnù. O ní ọmọ náà ló ń gba fóònù lọ́wọ́ oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà, òun ló ń gbé e wá bá ọ níbi tí o jókòó sí. Jẹ́sì bọ́ọ̀lù ló ń wọ̀, bàtà rọ́bà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìwọ jókòó, òun ń rìn. Gbogbo ohun tí ń kó iná jọ sára ènìyàn ni o kó lé ọmọ yìí lórí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀ ojoojúmọ́, ìgbà tí iná sì jọ sí i lára, o ní kó máa lọ sílé.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí ó yẹ kí ẹni tí ń fi iná ṣiṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Bí nǹkan méjì bá fara kanra tí wọ́n sì yà, pàápàá bàtà rọ́bà àti ráàgì, iná díẹ̀ máa ń kúrò lára ọ̀kan bọ́ sára èkejì. Nígbà òjò, omi inú afẹ́fẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ara ohun gbogbo ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, iná náà a sì gba ibẹ̀ yọ́ lọ kí o tó mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìparí oṣù Kọkànlá títí di àárín oṣù Kẹta, afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ bá wa láti aṣálẹ̀ Sàhárà, tí ń kó eruku Bodélé ní ilẹ̀ Chad bọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ní omi nínú. Iná náà kò rí ọ̀nà gbà. Yóò máa pọ̀ sí i lára ẹni tí ń rìn, títí ẹni náà yóò fi fọwọ́ kan irin tàbí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Àwọn tó wọ̀n ọ́n rí i pé ẹni tó rìn kọjá lórí kápẹ́ẹ̀tì nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ lè kó tó 35,000 volt jọ sára. Nínú afẹ́fẹ́ tí omi pọ̀ nínú rẹ̀, ìrìn kan náà lè má ju 1,500 lọ. Iná náà kò pa ọmọ náà nítorí pé ó dà bí ẹ̀kán omi kan ṣoṣo tó já láti orí ọ̀pẹ: ibi tó ti já ga, ṣùgbọ́n ẹ̀kán kan ni. Ènìyàn kì í sábà mọ̀ ọ́n lára tí kò bá tó nǹkan bí 3,000 volt. Àwọn IC, ìyẹn ẹ̀yà kéékèèké orí bọ́ọ̀dù inú fóònù, ńkọ́? 100 volt lè ba òmíràn jẹ́ nínú wọn. Ìyẹn ni pé ìwọ náà ti lè pa bọ́ọ̀dù kan láìmọ̀, láìgbọ́ ìró kankan, kó tó di pé ẹnikẹ́ni dárúkọ ọmọ yẹn.

Ẹni tó sọ fún ọ pé ọwọ́ ọmọ náà kò dára, “àgbà kan ní àdúgbò wa” ni o pè é. Inú bí mi sí àgbà náà gidigidi. Kò fọwọ́ kan irin fèrèsé tirẹ̀ wò lówùúrọ̀ ọyẹ́. Kò béèrè bóyá iná náà ń gbé àwọn ẹlòmíràn. Ó kàn yára fi ẹ̀mí àìmọ́ lé ọmọ ọlọ́mọ lórí, orúkọ bẹ́ẹ̀ sì lè bá ọmọ dé ilé ìwé, kó bá a dé ilé ọkọ tàbí ilé aya. Ní Akwa Ibom, ìyà tí àwọn ọmọdé jẹ lórí irú ẹ̀sùn yìí pọ̀ débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2008 sọ ọ́ di ọ̀ràn láti pe ọmọ ní àjẹ́. Ẹnu àgbà ni irú rẹ̀ sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀.

Mo rántí obìnrin aránṣọ kan tó kọ̀wé sí mi láti Ìyàrà. Máṣíìnì rẹ̀ ń ta á lọ́wọ́ lóṣù Kìíní, wọ́n sì sọ fún un pé orogún rẹ̀ ló fi nǹkan sí i. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa lásìkò tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń rán aṣọ, òun àti orogún kò sì kí ara wọn mọ́. Ráàgì ló wà lábẹ́ àga rẹ̀, aṣọ tí kì í ṣe òwú ló sì ń rán láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ká ráàgì náà, ó ń wọ́n omi sílẹ̀ kó tó gbálẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì sinmi. Àárín òun àti orogún kò tètè tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ká ráàgì yẹn lónìí. Orí sìmẹ́ńtì ni kí o máa ṣiṣẹ́, kí o sì máa wọ́n omi sí i láràárọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe. Gbé àmù sí igun yàrá, tàbí kí o fi aṣọ ìnura tútù kọ́ okùn níbi tí kò súnmọ́ iná. Aṣọ òwú ni kí ẹ̀yin méjèèjì máa wọ̀. Ní Bùnú tí ọmọ yẹn ti wá, òwú ni àwọn obìnrin fi ń hun aṣọ láyé àtijọ́. Kò yẹ kí aṣọ òwú wọ́n ọmọ wọn. Kí ẹ tó fọwọ́ kan tábìlì, ẹ di kọ́kọ́rọ́ mú ṣinṣin, kí ẹ fi orí rẹ̀ kan irin náà. Ẹnu kọ́kọ́rọ́ ni iná yóò ti ta, kò ní dun yín. Bọ́ọ̀dù tí ẹ kò tíì lò, inú náílọ́ọ̀nù aláwọ̀ fàdákà tó bá a wá ni kó wà. Náílọ́ọ̀nù ọjà lásán tún ń kó iná jọ ni.

O ní o fẹ́ so waya lásán mọ́ ọrùn ọwọ́, kí o so ó mọ́ irin fèrèsé. Má dán an wò! Ra okùn ọwọ́ tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí. Ìdènà 1,000,000 ohm wà nínú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ọwọ́ rẹ bá ṣèèṣì kan iná 240 volt, èyí tí yóò gba inú okùn náà kọjá kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin milliampere kan. Waya lásán kò ní dá nǹkan kan dúró, ó lè pa ọ́. Irin tí a rì mọ́lẹ̀ nítòsí ibi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn sí ni kí o so okùn náà mọ́, nítorí ilẹ̀ Kabba gbẹ lákòókò yìí.

Kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀ tí o ní ó wà lábẹ́ tábìlì, gbé e jáde kí o tó ka ìwé yìí tán. Iná tó ta ọ́ lọ́wọ́ yẹn tó láti ràn mọ́ òórùn bẹ́tíróòlù. Bí o bá sì ń ra epo, ilẹ̀ ni kí kẹ́ẹ̀gì wà, kì í ṣe orí ọ̀kadà.

Ohun kan kù. Iná ọyẹ́ máa ń ta lẹ́ẹ̀kan, a sì lọ. Bí o bá fọwọ́ kan ara irin tí ó ń gbọ̀n ọ́ láìdáwọ́ dúró, waya ló ń jò. Pa jẹnẹrétọ̀, kí o pe oníṣẹ́ iná.

Okun o, àbúrò mi. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù bà ọ́. Fóònù oníbàárà kú, owó rẹ lọ, ẹni tó dàgbà jù ọ́ lọ sì sọ̀rọ̀, ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀. O kò na ọmọ náà, o sì san owó ọkọ̀ rẹ̀ délé. Mo rí ìyẹn nínú lẹ́tà rẹ. Mú ìyàwó rẹ dání lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹ lọ bá ìyá rẹ̀. Ojú àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ ni kí o ti sọ ọ́ pé ráàgì ilé rẹ ni, kì í ṣe ọwọ́ ọmọ. Bí ìyá náà bá bínú, jẹ́ kó bínú tán, kí o tó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọmọ padà sẹ́nu iṣẹ́. Fi àdírẹ́sì rẹ ránṣẹ́ sí mi. N ó fi okùn ọwọ́ méjì ránṣẹ́, kí ọmọ náà lè ní tirẹ̀.