Ẹ Wo Ọ̀nà Kí Ẹ Tó Ra Kẹ̀kẹ́ Ọmọ

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń bímọ, tí ẹ ń tọ́mọ ní Ọ̀wọ̀, ní Ìfọ̀n, ní Ìdóàní àti ní gbogbo ìletò tó yí wa ká, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ ti wá pọ̀ lẹ́nu yín báyìí: èwo ló dára jù, ṣé tuntun ni ká rà àbí tòkunbọ̀, ṣé elérò kan ni àbí elérò méjì? Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èmi ìyá yín ń sọ fún yín pé ọ̀nà là á wò kí a tó ra kẹ̀kẹ́ ọmọ. Ọ̀nà tí ẹ ń rìn lójoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ fi yàn án. Ẹ má fi àwòrán inú fóònù yàn án, ẹ má sì torí pé aládùúgbò rà á kí ẹ lọ ra tiyín.

Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kẹ̀kẹ́ ọmọ ti ṣẹ̀. Ní 1733, William Kent ṣe ọ̀kan fún àwọn ọmọ Duke of Devonshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹran ọ̀sìn ló ń fà á, inú ọgbà olówó ló sì ti ń yí. Ní 1965, Owen Maclaren, ẹnjiníà tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ òfurufú Spitfire, ṣe èyí tó fúyẹ́, tó ń ká bí agbòòrùn. Èyí ló di baba àwọn kékeré tó kún ọjà lónìí. Kò sí èyí tó ro ti erùpẹ̀ pupa tiwa mọ́ ọn nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ wá wo ọ̀nà tiwa. Ní Ìfọ̀n, ojú títì tó lọ sí Benin ni ìlú wà, tírélà ò sì dákẹ́ níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹ̀gbẹ́ títì tí ẹlẹ́sẹ̀ lè rìn kò tó nǹkan. Ní Ọ̀wọ̀, bí ẹ bá fẹ́ dé Ọjà Ọba, gọ́tà wà láti fò, ọkadà wà láti yà fún, ẹlẹ́rù sì wà níwájú àti lẹ́yìn. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ gba ọ̀nà àdúgbò. Bí ọyẹ́ bá dé, ekuru gba gbogbo ojú. Kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré máa ń rì sínú iyanrìn. Bí ẹsẹ̀ iwájú bá há sínú kòtò, gbogbo ẹ̀ lè dojú dé, tọmọ-tọmọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n wé ara wọn. Èyí tó ń ká, tó fúyẹ́, wà fún ẹni tó ń gbé ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ le, tó sì tẹ́jú, bí ọgbà Rufus Giwa Polytechnic tàbí ọgbà ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀, àti fún ẹni tó máa ń wọkọ̀ lọ sọ́nà jíjìn. Èyí tí táyà rẹ̀ tóbi, tó gba afẹ́fẹ́ sínú, ló lè fara da ọ̀nà ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wúwo, kì í fẹ́ wọ búùtù mọ́tò, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ẹni tó bá sì ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yóò máa fi ọrùn rù ú. Elérò méjì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ kì í gba ẹnu ọ̀nà kékeré kọjá. Èyí tí ọmọ kan jókòó sẹ́yìn èkejì gùn, ó sì ṣòro láti gbé fo gọ́tà. Ẹ mú téèpù aránṣọ, kí ẹ wọn ẹnu ọ̀nà yín kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti pé ọdún méjì tí àbúrò rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ tètè gbọ́ èyí: kì í ṣe dandan kí ẹ ra elérò méjì. Bí ọrùn ọmọ kékeré bá ti gbó, ẹ pọ̀n ọ́n, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sínú kẹ̀kẹ́ elérò kan. Ọ̀já kan àti kẹ̀kẹ́ kan ti parí iṣẹ́ náà. Ìbejì nìkan ni mo lè tìtorí ẹ̀ sọ pé kí ẹni tó bá lágbára ra elérò méjì, ìbejì ò sì ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí Dókítà Nylander ka ìbímọ ní Igbó-Ọrà ní nǹkan bí 1969, ó tó ìbejì 45 nínú ìbímọ 1,000, èyí tó pọ̀ ju ti ilẹ̀ àwọn òyìnbó lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Ẹ má rò pé ìyà tàbí àìlajú ni ọmọ pípọ̀n. Àwọn dókítà egungun ń kọ́ àwọn ìyá lókè òkun báyìí pé kí ẹsẹ̀ ọmọ yà, kó gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra, nítorí bẹ́ẹ̀ ni oríkèé ìbàdí rẹ̀ ṣe ń jókòó dáadáa. Níbi tí wọ́n ti ń di ẹsẹ̀ ọmọ pọ̀ gbọnrangandan ni ìbàdí ti máa ń yẹ̀ jù. Ní 1978, ní Bogotá ní ilẹ̀ Kòlóńbíà, Dókítà Edgar Rey bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí wọ́n gbé ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé lé àyà ìyá rẹ̀, kí ara kan ara. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí ìtọ́jú náà. Ara ìyá ṣì ni ibùsùn àkọ́kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ìpọnmọ náà ní òfin: ojú àti imú ọmọ gbọ́dọ̀ gba atẹ́gùn, ẹ má sì pọn ọmọ gun ọkadà láé. Bí ẹ bá ṣubú sẹ́yìn, orí ọmọ ni ẹ ó já lé.

Ní ti tòkunbọ̀, ojú ni kẹ́ ẹ là sílẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2009, iléeṣẹ́ Maclaren kéde ìkìlọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tó tó mílíọ̀nù kan ní Amẹ́ríkà, nítorí pé oríkèé ibi tó ti ń ká ti gé orí ìka ọmọ méjìlá. Irú kẹ̀kẹ́ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ lè wà nínú ohun tí wọ́n ń tà fún yín. Ẹ ká a, ẹ tú u, ẹ wo ibi tí ìka lè há sí. Ẹ tẹ búréèkì rẹ̀ lórí ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀. Ẹ rí i pé bẹ́líìtì rẹ̀ gba èjìká méjèèjì, ìbàdí àti àárín ẹsẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà gbọ́dọ̀ lè sùn gbalaja nínú rẹ̀. Ẹ má fi ìró bo ẹnu kẹ̀kẹ́ nítorí oòrùn, ooru yóò há mọ́ ọmọ nínú. Ẹ má fi báàgì ọjà kọ́ ibi ìdìmú, yóò gbé e ṣubú sẹ́yìn. Kẹ̀kẹ́ ọmọ kì í sì í ṣe ìjókòó ọmọ inú mọ́tò, ìyẹn lọ́tọ̀.

Owó ńkọ́? Láti oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ lọ́jà, ohun tó bá ti òkè òkun wá ti gbówó lórí. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ má yáwó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nítorí kẹ̀kẹ́ ọmọ. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lè dáwó ra ọ̀kan tó lágbára, kí ọmọ ilé yìí lò ó tán kó tó dé ilé kejì.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀nà tiyín yàtọ̀. Kẹ̀kẹ́ yẹ yín. Ṣùgbọ́n èyí tó ń tètè ká ni kẹ́ ẹ rà. Ní 2017, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Britain dájọ́ lórí ẹjọ́ Doug Paulley pé kò tó kí awakọ̀ bọ́ọ̀sì kàn bẹ oníkẹ̀kẹ́ ọmọ pé kó kúrò ní àyè àkàndá ẹ̀dá. Ó yẹ kó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹni tó ni àyè bá wọlé, ẹ gbé ọmọ, ẹ ká kẹ̀kẹ́, ẹ dìde fún un. Ìwà ọmọlúàbí ni.

Ọ̀rọ̀ mi tó kù, ẹ̀yin bàbá ọmọ ni mo ń bá sọ. Púpọ̀ nínú yín ń tijú àtipọn ọmọ lójú títì. Ẹ má tijú àtiti kẹ̀kẹ́. Bí owó bá jáde fún un, ọwọ́ yín náà ni kó wà lára rẹ̀, kí ẹ̀yìn ìyàwó yín lè sinmi. Ẹ mú ọmọ, ẹ rìn láti ilé dé ọjà, kí ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín mọ ọ̀nà náà, kí ẹ tó yan ohun tí ẹ ó rà. Ọmọ kò ní fi yín sílẹ̀ lọ, ẹ ó sì rí owó tọ́ wọn.