Àpótí Ìmọ̀: Ẹ̀ka Pàjáwìrì Tí Ń Ṣọ́ Àrùn
Ohun tí aláìsàn bá kọ́kọ́ sọ fún nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì, bí ibà, ikọ́ tàbí ìgbẹ́ gbuuru, lè fi àjàkálẹ̀ àrùn hàn ní kùtùkùtù. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀, kọ̀ǹpútà á ka gbólóhùn náà, á pín in sí ọ̀wọ́ àmì àìsàn, á sì fi iye tó wọlé lónìí wé iye tó máa ń wọlé nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ga ju bó ṣe yẹ lọ, á ta àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lólobó. Àǹfààní ńlá ibẹ̀ ni pé kò dúró de èsì àyẹ̀wò, tó lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí, RODS, ní 1999. Wọ́n sì lò ó nígbà Ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ní Salt Lake City ní 2002. Orúkọ aláìsàn kì í bá àkọsílẹ̀ náà rìn, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ìkìlọ̀ kọ̀ǹpútà lè jẹ́ èké. Onímọ̀ àjàkálẹ̀ àrùn ló gbọ́dọ̀ wádìí rẹ̀ kí ìjọba tó kéde ohunkóhun.