Èwo Ló Ń Ṣíwájú? Títo Àtúnṣe Àwòrán Inú Géèmù

Ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì fonọ́lọ́jì mọ̀ pé òfin nìkan kọ́ ló ń pinnu èsì. Bí a ṣe to àwọn òfin náà tẹ̀lé ara wọn ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí fún àwòrán inú géèmù.

Lẹ́yìn tí géèmù bá ya àwòrán kan tán, ó ṣì máa ń ṣe àtúnṣe sí i kí ó tó gbé e sójú kọ̀ǹpútà. FXAA máa ń mú kí etí ohun tó rí bí eyín ayùn jọ̀lọ̀. Film grain máa ń wọ́n àmì tíntìntín sójú àwòrán, bíi ti fíìmù àtijọ́. Ohun tí àtúnṣe kan bá fi sílẹ̀ ni èyí tó tẹ̀lé e ń bá ṣiṣẹ́. Nínú ReShade, ètò ọ̀fẹ́ tí a fi ń kún àtúnṣe tiwa sí géèmù orí Windows, èyí tó wà lókè ló ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, títí dé ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi film grain ṣáájú FXAA. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ píksẹ́lì méjì tó wà nítòsí ara wọn bá ti yàtọ̀ gan-an ni FXAA ń pè ní etí. Yóò rí àmì tíntìntín wọ̀nyẹn, yóò rò pé etí ni wọ́n, yóò sì pa wọ́n rẹ́. Film grain á ṣá, àwòrán á sì ṣú bàìbàì. Bí FXAA bá ṣáájú, etí á jọ̀lọ̀, àmì náà á sì dúró.

Ẹ wá wo òtítọ́, tó di òótọ́. Ìpàrójẹ kọ́kọ́ yọ /t/ àkọ́kọ́, ó ku òítọ́. Ìgbà yìí ni /o/ àti /i/ tó fara kanra, tí àrànmọ́ sì sọ /i/ di /o/. Bí àrànmọ́ bá ṣáájú, /t/ ṣì wà láàárín wọn, kò ní rí nǹkan ṣe. *Òítọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í sọ la ó bá níbẹ̀. Òfin àkọ́kọ́ ló pèsè oúnjẹ fún èkejì. A fẹ́ irú ìpèsè bẹ́ẹ̀ nínú òótọ́. A kò fẹ́ ẹ láàárín film grain àti FXAA.

Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni kí ẹ bi àtúnṣe kọ̀ọ̀kan: kí ló ń wá nínú àwòrán? Ta ló ń pèsè rẹ̀, ta ló sì ń pa á rẹ́? Bloom, tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tàn ká, ń wá ibi tó mọ́lẹ̀ jù. Tonemapping ń tẹ ìmọ́lẹ̀ inú géèmù mọ́lẹ̀ kí ó lè bá agbára ojú kọ̀ǹpútà mu. Bí tonemapping bá ṣáájú, oòrùn àti ògiri funfun á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bloom kò sì ní mọ èyí tó yẹ kó tàn. Ìdí nìyí tí Unreal Engine fi ń ṣe bloom ṣáájú.

Ẹ̀yin tí kọ̀ǹpútà yín kò lágbára ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Gbogbo àtúnṣe tuntun ló ń jẹ nínú agbára ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n yíyí ètò wọn padà kì í sábà fi ẹrù kún un. Kí ẹ tó kún ìkẹta, ẹ tún méjì àkọ́kọ́ tò.

Iṣẹ́ ṣíṣe: nínú géèmù tí ẹ ń dá gbá, ẹ lo FXAA pẹ̀lú sharpening, tó ń mú kí àwòrán hàn ketekete. Ẹ kọ ohun tí ẹ rò pé ètò méjèèjì yóò mú jáde sílẹ̀, kí ẹ tó dúró sójú kan náà dán wọn wò.