Ẹ̀KỌ́ ILÉ ÌDÁNÁ: Strawberry, Kíríìmù àti Meringue ní Ìpele-Ìpele

Ẹ̀kọ́ ilé ìdáná wa fún oṣù mẹ́ta yìí dá lórí oúnjẹ dídùn kan tí a máa ń jẹ nígbà tí a bá ti jẹ oúnjẹ gidi tán. Nǹkan mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀: èso strawberry, kíríìmù tí a lù títí ó fi ki, àti meringue. Fún ẹni tí kò bá mọ meringue, funfun ẹyin àti ṣúgà ni a ń lù pọ̀ títí yóò fi ru bí ìfófòó ọṣẹ, tí a ó sì gbé e sínú oven tí iná rẹ̀ kéré títí yóò fi gbẹ, tí yóò sì máa rún lẹ́nu.

Kí ló dé tí a fi yan oúnjẹ yìí? Ẹ wo bí nǹkan ṣe máa ń rí nígbà tí ẹgbẹ́ bá ní àlejò tàbí ayẹyẹ. Ìyá tí a fi ṣe olórí ìdáná kì í ráyè jókòó. Wọn yóò kọrin, wọn yóò kọ́ ẹ̀kọ́, wọn yóò gbàdúrà. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni òun yóò ti máa gbọ́ ọ, tòun ti ṣíbí lọ́wọ́. Gbogbo wa la mọ ìtàn Màtá àti Màríà nínú Lúùkù orí kẹwàá, síbẹ̀ a kì í ronú sí bí a ṣe lè mú kí iṣẹ́ Màtá fúyẹ́. Oúnjẹ yìí gbà wá láyè láti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Èyí tó máa kù kò ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àṣírí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun ni gbogbo ẹ̀kọ́ yìí sì rọ̀ mọ́: ohun gbígbẹ àti ohun olómi kò gbọdọ̀ pàdé títí àkókò yóò fi tó.

ÈTE Ẹ̀KỌ́

Nígbà tí a bá parí ẹ̀kọ́ yìí, ó yẹ kí olúkúlùkù wa lè:
1. Lu funfun ẹyin kí ó dúró, kí ó má sì dẹ̀.
2. Mọ iṣẹ́ tó yẹ ní ṣíṣe sílẹ̀ àti èyí tó yẹ kí a fi sílẹ̀ di ìgbà tí a fẹ́ jẹ ẹ́.
3. Gbé e fún àgbà, aboyún àti ẹni tó ní àrùn àtọ̀gbẹ láìfi ìlera wọn wewu.

ÌTÀN RẸ̀ NÍ SÓKÍ

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni oúnjẹ yìí ti wá. Eton Mess ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọkùnrin tó ń jẹ́ Eton, lẹ́bàá Windsor, èyí tí Ọba Henry Kẹfà dá sílẹ̀ ní ọdún 1440. Lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì òde òní, rúdurùdu ni wọ́n ń pè ní mess, nítorí ńṣe ni wọ́n ń fọ́ meringue náà tí wọ́n sì ń pò ó mọ́ èso àti kíríìmù. Àwọn kan a máa sọ pé ajá kan ló jókòó lé kéèkì meringue lórí lọ́jọ́ àríyá, tí wọ́n fi kó èyí tó fọ́ sínú abọ́. Àpárá lásán ni.

Ó ní ìbátan kan tó ń jẹ́ Pavlova. Orúkọ Anna Pavlova, oníjó ará Rọ́ṣíà tó ṣe àbẹ̀wò sí Ọsirélíà àti New Zealand ní ọdún 1926, ni wọ́n fi sọ ọ́, orílẹ̀-èdè méjèèjì sì ń bá ara wọn jiyàn títí dòní lórí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é. Odidi meringue ńlá kan ni ti Pavlova, bí ó bá sì là, ojú a máa ti ẹni tó ṣe é. Tiwa kò ní ìtìjú yẹn, nítorí fífọ́ la fẹ́ fọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́, ibí yìí ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

OHUN ÈLÒ (fún ènìyàn mẹ́jọ)

Funfun ẹyin 3
Ṣúgà tó kúnná, gíráàmù 150
Omi ọsàn wẹ́wẹ́, ààbọ̀ ṣíbí tíì
Strawberry, gíráàmù 500
Kíríìmù tó ṣeé lù, mìlílítà 300
Ṣúgà fún èso, ṣíbí ìjẹun 1

Bí ṣúgà tí ẹ ní bá rí wórówóró, ẹ lọ̀ ọ́ díẹ̀ nínú ẹ̀rọ ìlọta tó gbẹ dáadáa.

ÌPÍN KÌÍNÍ: MERINGUE (ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú)

1. Ẹ ya pupa ẹyin kúrò lára funfun. Ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fíríìjì jáde ló rọrùn jù láti yà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí funfun rẹ̀ wà níta fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó lù ú. Ẹ máa fọ́ ẹyin kọ̀ọ̀kan sínú ife kékeré lọ́tọ̀ kí ẹ tó dà á sínú abọ́ ńlá, kí ọ̀kan tó bá bàjẹ́ má bàa ba ìyókù jẹ́.

2. Abọ́ gíláàsì tàbí ti irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò. Abọ́ ike a máa fi ọ̀rá pamọ́ sára, ọ̀rá sì ni ọ̀tá meringue. Nígbà tí a bá ń lu funfun ẹyin, afẹ́fẹ́ ló ń wọ inú rẹ̀, èròjà tó wà nínú ẹyin a sì di afẹ́fẹ́ náà mú. Bí ọ̀rá bá wọ̀ ọ́, ìdìmú yẹn a tú. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kán pupa ẹyin kan ṣoṣo fi lè ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́, nítorí ọ̀rá wà nínú pupa ẹyin.

3. Ẹ da omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí ẹ sì máa lù ú títí yóò fi funfun tí yóò sì dúró ṣóńṣó bí ẹ bá fa ohun ìlù sókè. Nígbà náà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí fi ṣúgà sí i, ṣíbí kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lù ú dáadáa kí òmíràn tó wọ̀ ọ́. Ẹ fi ìka méjì ra díẹ̀ wò: bí ẹ bá ṣì ń gbọ́ ṣúgà lọ́wọ́ bí iyanrìn, ẹ máa lù ú lọ. Ó ti tó nígbà tí ó bá ń dán, tí ẹ sì lè da abọ́ náà délẹ̀ láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣí kúrò. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ lè fi ọwọ́ lù ú, ṣùgbọ́n kí ẹni méjì máa gbà á fún ara wọn, nítorí apá yóò ro.

4. Ẹ ti tan oven sílẹ̀ sí ìwọ̀n 110 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ fi ṣíbí bu ìpò náà sórí bébà ìyankéèkì, kí ẹ tẹ́ ẹ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú oven fún wákàtí kan ààbọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ pa iná, kí ẹ sì fi í síbẹ̀ títí yóò fi tutù pátápátá. Gbígbẹ la ń gbẹ ẹ́, a kò fẹ́ kí ó pọ́n. Ọ̀pọ̀ oven gáàsì kò ní nọ́ńbà tó ṣeé gbára lé. Ẹ lo iná tó kéré jù, bí ẹ bá sì rí i pé ó fẹ́ pọ́n, ẹ fi ṣíbí onígi há ẹnu ìlẹ̀kùn rẹ̀ kí ooru lè jáde díẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

5. Bí ó bá ti tutù, ẹ kó o sínú agolo tí ìdérí rẹ̀ le. Ṣúgà a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, nítorí náà bí meringue bá wà ní gbangba lásìkò òjò, yóò dẹ̀, yóò sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ẹ má gbé e sínú fíríìjì rárá. Nínú agolo tó dé dáadáa, ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ má da pupa ẹyin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nù. Ẹ da omi díẹ̀ lé e lórí, kí ẹ dé e, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì. Ẹ lè fi se kọ́sítáàdì tàbí kí ẹ pò ó mọ́ ẹyin díndín láàárín ọjọ́ méjì.

ÌPÍN KEJÌ: ÈSO (ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà)

Ẹ fọ strawberry kí ẹ tó gé ewé orí rẹ̀ kúrò, kí omi má bàa wọ inú rẹ̀. Ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ gé e wẹ́wẹ́. Ẹ tẹ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí ṣúgà kan, kí ẹ pò ó mọ́ ìyókù, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ṣúgà yóò ti fa omi pupa jáde láti inú èso. Ọbẹ̀ rẹ̀ nìyẹn.

ÌPÍN KẸTA: KÍRÍÌMÙ (ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà)

Kíríìmù tí ọ̀rá rẹ̀ tó ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò dúró. Ẹ ka ara páálí rẹ̀. Mílíìkì inú agolo tí a ń dà sínú tíì kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí kíríìmù, abọ́ àti ohun ìlù tutù nini. Ẹ lù ú títí yóò fi ki tí yóò sì tẹ̀ díẹ̀ lórí ṣíbí, kí ẹ sì dáwọ́ dúró níbẹ̀. Bí ẹ bá kọjá ibẹ̀, yóò di bọ́tà. Ẹ gbé e padà sínú fíríìjì.

ÌPÍN KẸRIN: TÍTÒ Ó (ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí a tó jẹ ẹ́)

Ẹ to tọ́ńbìlà mẹ́jọ sílẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ fọ́ meringue, kí ẹ má lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun. Meringue ni kí ó wà nísàlẹ̀, kí kíríìmù tẹ̀lé e, kí èso wà lórí kíríìmù. Ẹ tún un ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ sì wọ́n meringue díẹ̀ sókè pátápátá. Ètò yìí ní ìdí: ọ̀rá inú kíríìmù ni kò jẹ́ kí omi èso tètè dé ara meringue tó wà nísàlẹ̀. Bí ó ti wù kó rí, ẹ gbé e jáde láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

OHUN TÓ YẸ KÍ A ṢỌ́RA FÚN

Ẹyin: Ẹyin tútù lè ní kòkòrò àrùn salmonella. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ sọ ní ọdún 2017 pé aboyún, ọmọdé àti àgbà lè jẹ ẹyin tó ní àmì kìnnìún láìsè é jinná. Níbi tí kò bá sí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, ẹ má dín àkókò tí meringue fi wà nínú oven kù.

Kíríìmù: Kò yẹ kí ó wà níta fíríìjì ju wákàtí méjì lọ, bí ooru bá mú, wákàtí kan ti tó. Bí iná mànàmáná kò bá dájú, ẹ kó yìnyín sínú kúlà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ṣúgà: Bí a bá pín in fún ènìyàn mẹ́jọ, ṣúgà tí a fi sí i yóò tó gíráàmù 20 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí ṣíbí tíì mẹ́rin. Gíráàmù 30 péré ni ìlànà ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún àgbàlagbà lójúmọ́. Nítorí náà, ẹ má pín ti ènìyàn mẹ́jọ fún mẹ́rin nítorí àpọ́nlé. Fún ìyá tó ní àtọ̀gbẹ, ẹ ya èso sọ́tọ̀ kí ṣúgà tó kàn án, kí ẹ fi kíríìmù díẹ̀ sí i nínú irú tọ́ńbìlà kan náà, kí ó má bàa dà bí ẹni tí a yà sọ́tọ̀ láwùjọ.

BÍ STRAWBERRY BÁ ṢỌ̀WỌ́N

Àwọn arábìnrin wa ní Lọ́ńdọ̀n a máa rí i rà dáadáa ní oṣù kẹfà àti ìkeje. Ní Nàìjíríà, orí òkè Jos ni wọ́n ti ń gbìn ín, nítorí ibẹ̀ tutù. Kì í sì í pọ́ọ́kú nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ wa. Máńgòrò tó pọ́n ṣùgbọ́n tí kò rọ̀ jù lè gba ipò rẹ̀. Ẹ rántí pé ìkan díẹ̀ tó wà nínú strawberry ló ń dín adùn meringue kù. Nítorí náà ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sára máńgòrò, kí ẹ má sì fi ṣúgà sí i.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ló dé tí a kò fi gbọdọ̀ jẹ́ kí pupa ẹyin kán sínú funfun?
2. Èwo nínú iṣẹ́ yìí la lè ṣe lọ́jọ́ Ẹtì fún àpèjẹ ọjọ́ Àìkú, èwo ni kò sì gbọdọ̀ ya ọjọ́ náà?
3. Nínú ẹgbẹ́ wa, ta ni kì í ráyè jókòó nígbà ìpàdé nítorí oúnjẹ? Báwo la ṣe lè pín iṣẹ́ náà kí òun náà lè jókòó?

Ẹ gbìyànjú rẹ̀ nílé lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó ṣe é fún ẹgbẹ́, kí ẹ sì kọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan pẹ̀lú. Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wa. Àmín.