Ìtọ́jú Ìrora Ẹ̀yìn àti Ẹsẹ̀ Láìsí Iṣẹ́ Abẹ

Ìbéèrè: Ǹjẹ́ ẹni tó ń ṣe púpurú, oúnjẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, ní agbègbè Òkìtìpupa, tí ìrora ń mú láti ìbàdí títí dé àtẹ́lẹsẹ̀, lè gbádùn láìṣe iṣẹ́ abẹ?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe. Irú ìrora bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ sàyátíkà, ìyẹn ìrora tó máa ń wáyé nígbà tí ohun kan, pàápàá pẹlẹbẹ rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn, bá tẹ gbòǹgbò iṣan ìmọ̀lára tó lọ sí ẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ a sì máa rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan. Ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ kò ṣe é ní àǹfààní. Rírìn níwọ̀nba àti eré ìdárayá tí onímọ̀ fisiotẹ́rápì, ìyẹn iṣẹ́ ìtọ́jú ara pẹ̀lú ìdárayá àti ọwọ́, bá yàn ló dára jù. Ní ti ìrora ẹ̀yìn tó ti pẹ́, ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 fara mọ́ ìdárayá àti ìfọwọ́wọ́ra, ṣùgbọ́n kò fara mọ́ bẹ́líìtì ìdè ẹ̀yìn. Ó yẹ kí ẹni tó ń ru ẹ̀gẹ́ tàbí ìdì ẹyìn dín ẹrù kù, kí ó sì tẹ orúnkún nígbà tó bá ń gbé e. Dókítà ló yẹ kó yan oògùn ìrora, nítorí pé àwọn kan lè ba inú tàbí kíndìnrín jẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, tí abẹ́ bá kú tipiri, tàbí tí ìtọ̀ kò bá ṣeé dá dúró mọ́, ilé ìwòsàn ni kí aláìsàn gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.