Ẹ̀kọ́: Bí A Ṣe Lè Fi Mákírò Dín Làálàá Akọ̀wé Kù

Àkọsílẹ̀ ìpàdé, orúkọ àwọn tó san owó oṣù, ìbéèrè ìdánwò ilé-kéú: ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń tẹ akọ̀wé lọ́wọ́. Ẹnì kan á fi lẹ́tà gàdàgbà tẹ tirẹ̀, ẹlòmíràn á fi ìlà òfìfo sí àárín ọ̀rọ̀. Akọ̀wé á wá jókòó tì wọ́n di òru. Irú iṣẹ́ yìí ló ń mú kí àwọn ọ̀dọ́ sá fún ipò akọ̀wé.

Ọ̀nà àbáyọ wà nínú Microsoft Word, mákírò ni wọ́n ń pè é. A ó ṣe iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà á há a sórí; bí a bá tún nílò rẹ̀, bọ́tìnì la ó kàn tẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe é pọ̀:

1. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé náà, ẹ̀dà yìí ni kí ẹ fi kọ́ṣẹ́.

2. Ẹ tẹ View, ẹ tẹ Macros, kí ẹ mú Record Macro. Ẹ fún un ní orúkọ tí kò ní àlàfo, bíi TunIweSe. Ẹ tẹ Keyboard, kí ẹ yan àwọn bọ́tìnì tí Word kò tíì lò fún nǹkan mìíràn. Ẹ tẹ Assign, lẹ́yìn náà Close.

3. Ẹ tẹ Ctrl+A láti mú gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ yan irú lẹ́tà tí ẹ fẹ́, kí ẹ fi ìwọ̀n rẹ̀ sí 12. Ctrl+J á mú kí etí ìlà méjèèjì gún. Ctrl+1 á mú ìlà súnmọ́ra.

4. Ẹ tẹ Ctrl+Home, lẹ́yìn náà Ctrl+H. Ẹ kọ ^p^p sí ojú Find what, kí ẹ kọ ^p sí Replace with. Ẹ tẹ Replace All, kí ẹ sì pa á dé. Ìlà òfìfo ti lọ nìyẹn.

5. Ẹ padà sí Macros, kí ẹ tẹ Stop Recording.

Ẹ fi sọ́kàn pé bí a bá ń gbà á sílẹ̀, a kò lè fi máòsì mú ọ̀rọ̀ inú ìwé. Bọ́tìnì ni kí a lò. Ẹ̀yìn tí mákírò bá ti ṣiṣẹ́ tán ni kí a tó tún àkọlé ṣe, nítorí yóò kan òun náà.

A lè ṣe mákírò fún ẹ, ọ àti ṣ pẹ̀lú, láti inú Insert, Symbol. Orúkọ ìdílé wa kò ní sọ àmì rẹ̀ nù sínú ìwé ẹgbẹ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má gba mákírò àjèjì láyè. Ní 1999, inú fáìlì Word ni kòkòrò Melissa gbà wọlé. Ó fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí àádọ́ta àdírẹ́sì àkọ́kọ́ nínú ìwé àdírẹ́sì Outlook. Láti 2022 ni Microsoft ti ń dí mákírò inú fáìlì tó bá ti íntánẹ́ẹ̀tì wá. Bí ẹ bá rí ìkìlọ̀ yìí, ẹ má ṣí i.

Orí kọ̀ǹpútà tí a ti ṣe mákírò ló ń gbé. Nítorí náà, kí akọ̀wé tó ń lọ kọ́ ẹni tó ń bọ̀, kí làálàá má bàa tún bẹ̀rẹ̀.